Orúkọ Kan Tí Tíṣà Ìbídùnní Kò Pa Rẹ́

Bí ẹ bá dé Òkèlisà ní ìlú Oǹdó ní aago méje òwúrọ̀, tí ẹ sì béèrè ilé Tíṣà, ẹnikẹ́ni kò ní bi yín pé tíṣà wo. Ẹ kàn tẹ̀ lé obìnrin tí ó bá pọn ọmọ, tí ó fi àpò oúnjẹ kọ́ apá, tí ó ń yára bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ilé Tíṣà Ìbídùnní Akínwùmí ni ó ń lọ. Yóò sọ ọmọ kalẹ̀ níbẹ̀, yóò sì gba oko kòkó lọ.

Tíṣà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún márùndínlógójì ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, débi pé àwọn ọkùnrin tí orí wọn ti pá ṣì ń fi sìgá pamọ́ sẹ́yìn bí wọ́n bá rí i tí ó ń bọ̀. Ọkọ rẹ̀, tí ó ń ra kòkó nígbà ayé rẹ̀, ti sùn nínú Olúwa. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ méjì wà láyé, ọ̀kan ní Kàdúná, ọ̀kan ní Pọta, wọ́n sì ń pè é lórí fóònù. Nítorí náà kì í ṣe àìrọ́mọbí ni ó mú un gba ọmọ ọlọ́mọ sílé. Ó sọ fún mi nígbà kan pé nígbà tí òun fẹ̀yìn tì, ilé dákẹ́ jù, òun kò sì lè gbàdúrà nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ni ó bá ní kí ará ilé kejì gbé ọmọ rẹ̀ wá. Ẹlòmíràn tún gbé tirẹ̀ wá. Àwọn tí oko wọn jìn, tí wọ́n ń sùn sí abà, a máa fi ọmọ sílẹ̀ láti Mọ́ńdè di Fúráìdè.

Èmi ni káńsù yàn láti máa bojú tó ilé náà. Wẹ́fíà ni àwọn ènìyàn ń pè wá. A máa ń wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn àti omi tí wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ wá lógún jù ni pé kí a mọ ẹni tí ó gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan wá àti ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti mú un lọ. Ìdí nìyí tí káńsù fi ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní rẹ́jísítà. Ní ti Tíṣà, àròwà kò sí lórí rẹ́jísítà. Tí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, yóò wọ awò ojú rẹ̀, yóò pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò dáhùn, yóò sì máàkì.

Ẹ̀bùnolúwa jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìnlá nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e dé ibẹ̀. Alágbàṣe ni obìnrin náà, oko olóko ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Ó lọ sí abà ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, àìsàn dé, wọn kò sì gbé e padà láàyè. Ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá ọmọ. Tíṣà gbé ibùsùn ọmọ náà wọ yàrá ara rẹ̀, ó sì tọ́ ọ fún ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Ọmọ kì í jẹ èèpo ẹ̀wà. Tíṣà a máa bó o, ẹyọ ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awò lójú.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá ọmọ náà jáde. Gbémiga ni orúkọ rẹ̀, télọ̀ ni ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ilé rẹ̀ wà ní Arakale. Ó mú lẹ́tà ẹbí wá, ó mú ìyàwó rẹ̀ Monílọ́lá wá, kò sì sí ohun kan tí a rí bá wọn wí. Ẹbí ọmọ ni ó ni ọmọ. Èmi ni mo buwọ́ lu ìwé. Èmi náà ni mo sọ fún Tíṣà pé kò gbọdọ̀ lọ bẹ ọmọ náà wò fún ọdún méjì.

Ó ní, “Nítorí kí ni?”

Mo ní, “Kí ọkàn lè fara balẹ̀, mà.”

“Ọkàn ta?”

Mo ní kí ó gbà pé Ọlọ́run ń ṣọ́ ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń rántí jù báyìí, nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti kọ̀wé sí Àkúrẹ́ kí n béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe, n kò sì kọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má baà gbọ́ ohun tí n kò fẹ́ gbọ́. Mo fi ọmọ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, èmi tí wọ́n ń sanwó fún láti ṣọ́ ọ, n kò ṣọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ ni mo pè é nígbà náà.

Nígbà tí mo lọ yẹ ilé wò ní ọdún tó kọjá, mo rí i pé orúkọ Ẹ̀bùnolúwa ṣì wà nínú rẹ́jísítà. Tíṣà kò máàkì pé ó wà, kò sì máàkì pé kò wá. Àmì kékeré kan ni ó ń fi síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo rí i, mo ṣí ojú ewé náà kọjá.

Lọ́dún yìí, èmi nìkan kọ́ ni mo lọ. Wọ́n ti gbé ọ̀gá tuntun wá sí ẹ̀ka wa, Ọ̀gbẹ́ni Rufus, ọkùnrin tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, tí kì í sì pariwo mọ́ ènìyàn. A dé ibẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí kòkó ń jáde, tí ilé Tíṣà kún. Ọ̀gá dúró láàárín pálọ̀, ó na ìka, ó ń kà wọ́n. Àwọn ọmọ rò pé eré ni. Hameedat, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, dìde níbi tí wọ́n ti kà á, ó lọ jókòó sí ìparí kí wọ́n lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gá ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú Tíṣà ti ń pọ́n. Ó ní, “Ọ̀gá, ebè kọ́ nìyẹn o. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Ẹ̀yin ìyá ìjọ, mà? Ẹ ṣì ń bẹ̀rù irú èyí?”

“N kò bẹ̀rù nǹkan kan. Orúkọ ni Olúwa fi ń pe àwọn àgùntàn rẹ̀.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Ó ń kà wọ́n náà, mà. Bí kò bá kà wọ́n, báwo ni ì bá ṣe mọ̀ pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló kù?”

Tíṣà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà náà ni Ọ̀gá ṣí rẹ́jísítà, ẹ̀rín sì lọ lójú rẹ̀. Orúkọ méjìdínlógún ni ó wà nínú ìwé. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni ó wà nílẹ̀. Ó béèrè pé níbo ni ọ̀kan wà.

Hameedat ni ó dá a lóhùn. Ó ní Ẹ̀bùn ti lọ sí Àkúrẹ́. Hameedat kò mọ Ẹ̀bùn rí. Ó kàn ń gbọ́ ọ láràárọ̀ ni, bí Tíṣà bá ń pe orúkọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá, títí kan lẹ́tà tí n kò kọ. Kò bú mi. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bú mi. Ó ní bí orúkọ ọmọ bá wà nínú ìwé, tí ọmọ kò sí nílé, tí kò sì sí ìwé pé ẹnì kan ti fojú rí i láti ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, ọmọ tó sọnù ni káńsù yóò pè é. Ó ní òfin ni pé kí òun ti ilé náà ní ọjọ́ Fúráìdè. Mo wo àwọn ọmọ yẹn. Ìyá àwọn mẹ́sàn-án nínú wọn wà ní abà, fóònù kì í sì í wọlé níbẹ̀.

Ọ̀gá wá yíjú sí Tíṣà, ó rọra bi í pé kí ló dé tí kò fa ìlà sí orúkọ ọmọ náà láti ọjọ́ yìí.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ní kí n kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Kò tíì kúrò lọ́wọ́ mi.” Ó nu awò náà, kò wọ̀ ọ́ padà. “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn. Òótọ́ ni, ó kà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan dín, kò ti agbo pa. Ó lọ wá a ni.”

Ọ̀gá pa rẹ́jísítà dé. Ó wá ní Tọ́sìdè ni a ó lọ sí Àkúrẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní Tíṣà ń bá wa lọ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ọmọ náà nìyẹn, kì í ṣe ìbẹ̀wò. Tíṣà ní òun gbọ́.

Ní ọjọ́ náà, ó ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà kí a tó dé. Ní Ọ̀wẹ̀nà, ó ní kí dẹ́rẹ́bà kábù dúró, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láti ojú fèrèsé, ó dá èyí tí ó ti dúdú padà, ó yan òmíràn. Ó gbé e lé itan títí a fi dé Àkúrẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù Gbémiga kò tóbi. Máṣíìnì méjì ni ó wà níbẹ̀, Monílọ́lá sì jókòó sídìí ọ̀kan. Bí Gbémiga ti rí Tíṣà, ó dọ̀bálẹ̀ sórí èérún aṣọ. Ọ̀gá ṣàlàyé ohun tí a bá wá. Wọ́n fi káàdì àjẹsára hàn wá àti ìwé tí ọmọ ń kọ nílé ìwé. Gbogbo rẹ̀ wà létòlétò. Wọ́n ní kí a dúró díẹ̀, ilé ìwé ti fẹ́ẹ́ jáde.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà wọlé nínú yunifọ́ọ̀mù, báàgì lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, ó sanra. Ó kúnlẹ̀ kí wa lẹ́ẹ̀kan náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí wọ́n ṣe ń kí oníbàárà. Ó ń sọ fún Monílọ́lá bí ọmọ kan ṣe ṣubú ní “ulé ùwé”, ohùn Àkúrẹ́ gidi. Tíṣà na ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dúpẹ́, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì yíjú sí Monílọ́lá.

Ó ní, “Mọ́mì, ṣé aṣọ ni màmá yìí fẹ́ rán?”

Gbémiga la ẹnu láti sọ ẹni tí ó jẹ́ fún un. Tíṣà gbé ọwọ́ sókè, ó pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí ọmọ náà kọ́kọ́ lọ, èmi àti Tíṣà a máa jọ gbàdúrà lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Èmi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí ibi tuntun di ilé fún un. Òun ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ọmọ má gbàgbé òun. A jọ ń ṣe àmín sí méjèèjì. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn mo rí i pé tèmi ni Ó gbà, n kò sì rí ẹnu fi dúpẹ́. Mo ṣì ń wá a.

Tíṣà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Aṣọ ni mo fẹ́ rán.”

Ó rán mi sí ìsọ̀ kejì, mo ra àǹkárá yáàdì mẹ́rin. Gbémiga mú téèpù. Ọmọ náà ti mọ iṣẹ́. Ó di orí téèpù mú sí èjìká Tíṣà, ó yí i ká ìbàdí rẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ tì í kí téèpù má baà yọ̀. Tíṣà na apá méjèèjì, ó di ojú. Wọ́n wọ̀n ọ́n tán, kò tíì sọ apá kalẹ̀. Monílọ́lá fi etí ìró nu ojú. Ọ̀gá jáde síta, ó ní òun fẹ́ wá omi mu.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Ọ̀gá jókòó síwájú, èmi àti Tíṣà wà lẹ́yìn. Tíṣà ní kí n mú rẹ́jísítà wá. Ó fi etí fáìlì mi ṣe rúlà, ó fa ìlà sí orúkọ náà. Kòtò gbá ọkọ̀, ìlà náà wọ́, ó sì bínú sí i bí ẹni tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ ba ìwé jẹ́. Ó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ pé: “Ó wà ní Àkúrẹ́. Mo rí i.” Ọ̀gá gba ìwé náà, ó buwọ́ lù ú. Kò ní ti ilé náà mọ́, àwọn ọmọ mẹ́tàdínlógún sì ní ilé títí di ìyẹ̀wò ọdún tó ń bọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀, Tíṣà bi mí pé ọjọ́ wo ni Gbémiga ní aṣọ òun yóò ṣe tán.

Mo ní, “Sátidé tó ń bọ̀, mà.” Mo sì ń rò ó pé ó ku oṣù mẹ́rin kí ọdún méjì náà pé, èmi ni mo sì gbé òfin náà kalẹ̀.

Ọ̀gá kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, “Káńsù kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé, mà.”

Tíṣà wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó bi dẹ́rẹ́bà pé aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń gbéra lọ sí Àkúrẹ́ ní Sátidé. Dẹ́rẹ́bà ní aago mẹ́fà. Tíṣà ní aago mẹ́fà ti pẹ́ jù.