Táòfíkì, Dírẹ́bà Tó Gbé Ìjọ Lọ sí Gánà

Táòfíkì Àyànníyì kì í ṣe ọmọ ìjọ. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ìkirè, tó ń gbé yàrá kan ní Ìsọlọ̀ pẹ̀lú Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀, Mọ́nsúrátù àkọ́bí wọn àti àwọn àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, tí owó epo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya wọ ìlú, òun ló ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ kan ní Òkè-Afá. Kó tó débẹ̀, típà oníyanrìn ló ń wà. Ilé ń hù níbi gbogbo bí olú, yanrìn kò sì tó àwọn tó ń kọ́lé, nítorí náà tọ̀sán-tòru ni típà ń rìn. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò nà tán mọ́, ojú rẹ̀ a sì máa pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún. Nígbà tí Pásítọ̀ Ọlọ́runyọmí wá a wá, tó ní ìjọ òun ti ra bọ́ọ̀sì tuntun, pé kó máa kó àwọn ará láti Bọ́ládé àti Èjìgbò wá sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó rò pé ìsinmi ni òun wá bá.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ sọ pé ìjọ kan ní Gánà pe àwọn wá ṣe ìsọjí. Inú gbogbo ìjọ dùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rìn kọjá Ìbàdàn rí. Táòfíkì nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọdún tó kọjá ni ìjọba Nàìjíríà kó gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì pẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbà á. Ní Gánà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣì ń rìn.

Ó sọ fún Sẹ̀kínátù pé ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni wọ́n tún fẹ́ kí òun gbàgbé. Ìyàwó rẹ̀ ní kó sọ fún wọn pé kò lọ. Táòfíkì ní ta ni yóò wá wa ọkọ̀ náà?

Láti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ní kí wọ́n tú gbogbo ẹrù sílẹ̀, páálí ìwé ìhìnrere àti ìdì aṣọ tí wọ́n kó fún àwọn aláìní, wọ́n sì fi àwọn ará ìjọ sínú oòrùn títí ojú ọjọ́ fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìhà Dàhòmì, wọ́n tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọpẹ́lọpẹ́ Ìyá Ọmọ́wùmí, olórí àwọn obìnrin, tó ti ń ra ọjà ní Àjàṣẹ́ nílẹ̀ Dàhòmì náà láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ló ń fi èdè Ègùn bẹ̀ wọ́n. Wọ́n kọjá Kútọnu, táyà bẹ́ nínú òjò. Abẹ́ gbogbo ẹrù náà ni táyà àpamọ́ wà. Táòfíkì kó ẹrù sílẹ̀, ó pa táyà dà, ó tún kó ẹrù padà. Àwọn ọkùnrin ìjọ ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló padà sídìí ọkọ̀.

Ní Lómè, ilé tí wọ́n ní kí wọ́n sùn sí wà ní títì pa. Wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì létí òkun, Pásítọ̀ sì ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di àìsùn. Wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Táòfíkì gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, kò rí oorun sùn.

Láàárọ̀, ó lọ bá Pásítọ̀. “Pásítọ̀, ojú mi ti wúwo. Ẹ jẹ́ kí n sùn di ọ̀sán.”

“Àwọn èèyàn ń dúró dè wá, Bàbá Mọ́nsúrátù. Ọlọ́run tá à ń ṣiṣẹ́ fún kì í sùn.”

“Ọlọ́run ni kì í sùn, Pásítọ̀. Èmi ń sùn.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbá a léjìká, ó ní agbára yóò wá. Táòfíkì ṣíná sí ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n wọ Gánà, Ìyá Ọmọ́wùmí wá jókòó nítòsí rẹ̀ kó lè máa rán an létí. “Òsì o, Bàbá Mọ́nsúrátù,” ni obìnrin náà ń wí, “òsì.” Ṣùgbọ́n òun náà kò sùn mọ́jú. Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dákẹ́. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ ti ń hanrun. Ọ̀nà dá páropáro, igi àgbọn níhìn-ín, omi ọ̀sà lọ́hùn-ún. Ewúrẹ́ kan sọdá, Táòfíkì yà fún un, nígbà tó sì máa padà sójú ọ̀nà, ibi tó ti mọ́ ọn lára ló gbà. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń lọ, kò sì mọ̀. Ìgbà tó rí lọ́rì tó ń bọ̀ gan-an níwájú rẹ̀ ni ojú rẹ̀ là. Ó fa ọkọ̀ wọ igbó, ó já sínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà.

Kò sẹ́ni tó kú. Ọwọ́ ọ̀tún Pásítọ̀ kán. Iwájú orí Ìyá Ọmọ́wùmí bẹ́, ẹ̀jẹ̀ rin gèlè rẹ̀. Pásítọ̀ di ọwọ́ mú, ó ń bá èṣù wí. Táòfíkì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìyá Ọmọ́wùmí wá bá a níbẹ̀, ó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Oorun ni, Ìyá. Mi ò mọ ọwọ́ tí mo wà.”

Obìnrin náà fi gèlè nu ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀. “Èmi náà sùn,” ló wí. “Èmi tí mo ní n ó máa rán yín létí.”

Àwọn apẹja abúlé kan ló fi okùn àwọ̀n wọn fa bọ́ọ̀sì náà jáde. Wọ́n kó gbogbo wọn sílé, ẹni tó ń to eegun níbẹ̀ sì di ọwọ́ Pásítọ̀. Àwọn ará ìjọ fẹ́ wàásù fún wọn. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé abúlé náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Pásítọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ọwọ́ òsì ni Pásítọ̀ fi gbà á, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Ìjọ tí wọ́n ń lọ bá ránṣẹ́ pé àwọn ti rí oníwàásù mìíràn. Kò sẹ́ni tó lágbára láti bínú.

Táòfíkì sùn sórí ẹní apẹja kan. Nígbà tó jí, ó rí Pásítọ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn kí wọ́n má bàa pariwo. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n padà sílé pẹ̀lú ìwé àti aṣọ wọn.

Ní Òkè-Afá, wọ́n ṣe ìdúpẹ́. Táòfíkì kò lọ. Ó fi kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì rán Ìyá Ọmọ́wùmí, ó sì dùbúlẹ̀ sílé. Lọ́jọ́ kejì ni Pásítọ̀ wá sí yàrá wọn, kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Sẹ̀kínátù gbé àga fún un.

“Mo ti sọ fún ìjọ pé ẹ bẹ̀ mí, mi ò gbọ́,” ni Pásítọ̀ wí.

“Lómè ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ,” ni Sẹ̀kínátù fèsì.

Pásítọ̀ ní òótọ́ ni. Táòfíkì wo ìyàwó rẹ̀ pé ó tó. Lẹ́yìn náà ó ní òun yóò máa wa tọjọ́ Àìkú, ibi tí òun lè lọ kí òun sì padà wá sùn nílé. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Pásítọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Táòfíkì sìn ín dé títì, ó padà wọlé, ó bọ́ bàtà, ó sì tún lọ dùbúlẹ̀.