Kọ́ńpáàsì Tí Mo Ṣe fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní ọdún 1997, ní Ìlá Ọ̀ràngún, mo fi ọwọ́ ara mi ṣe kọ́ńpáàsì oníbátìrì kan tí ń dún nígbà tí ẹni tó dì í mú bá kọjú sí Mẹ́kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe é fún. Télọ̀ ni wọ́n, ojú wọn sì ti fọ́. Ìyá kan ló bí wa, bí mo tilẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ kan tí ará ilé ti lọ sóko, wọ́n dá kírun. Aládùúgbò kan wọlé, ó ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọjú sí dípò Mẹ́kà. Wọn kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní:

"Àbúrò mi, kí n ṣáà lè kọjú sí Ọlọ́run mi láìbi ẹnikẹ́ni léèrè."

Olùkọ́ ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹnu lásán kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa òòfà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi òjé jó ẹ̀yà méjì tí ń mọ òòfà ilé ayé mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, mo sì kọ àṣẹ sínú rẹ̀ pé kó máa ti ara àríwá mọ ọ̀nà Mẹ́kà. Mo yí i díẹ̀, òǹkà ojú rẹ̀ yí. Mo dúró, òun náà dúró. Orí mi wú. Ilẹ̀ tí a ń kọ ebè iṣu sí yìí ti ń pe àríwá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èmi kò gbọ́ ọ rí.

Mo gbé e lọ bá wọn ní àsìkò ìrun yálẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ẹní, wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ fi dún. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé; wọ́n fọwọ́ kan ìpàkọ́ wọn.

"Ìpàkọ́ mi ni oòrùn àárọ̀ ń pa. Ṣé Mẹ́kà ti kó kúrò níbi tó wà ni?"

Ojú tì mí. Mo gbé e síta, ó tọ́. Mo gbé e wọlé, ó ṣìnà. Ìgbà náà ni mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, irin gìdìgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Irin yìí ló ń fà á, ẹ̀gbọ́n mi."

"Háà! Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ẹ̀rọ tìrẹ ń kírun sí!"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ yẹn ló rán aṣọ ilé-ìwé mi. Bí ojú wọn ti fọ́ tó, wọ́n ṣì ń fi òróró sí i lójoojúmọ́. Wọ́n nawọ́, wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n tẹ́tí sí ìró rẹ̀.

"Gbé e fún ọmọ mi obìnrin ní Ọ̀rà. Òun náà ń ránṣọ."

Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti kúrò nílé, mo padà lọ láàárọ̀. Wọ́n yí, ó dún. Oòrùn sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún wọn, níbi tó yẹ kó wà. Wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìrun.

Mo fi kọ́ńpáàsì náà sílẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, ọdún 1997.