Àkùkọ Bùsárí

Lọ́jọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé mi dé láti kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́, ibi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́ ni mo ti fò sókè tí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni, ní Ìgànná, níbi tí ìyá mi ti ń dín gàrí tà. Èmi ọmọ onígàrí ni mo fẹ́ di tíṣà! Mo sáré yí ilé po, mo dì mọ́ ìyá mi tòun ti èéfín àti òógùn lára rẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù nídìí agbada ń pariwo, "Tíṣà! Ẹ kú oríire o!" Orí mi wú.

Kóló onígi kan wà tí ìyá mi kàn mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń sọ nǹkan sínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ kọ́bọ̀ kan. A fọ́ ọ. Ohun tó wà níbẹ̀ tó ìdajì owó iléèwé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ́lẹ́jì sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá san án pé lọ́jọ́ ìwọlé, kó má wulẹ̀ wá. Tíṣà àdúgbò wa ló fi wá lọ́kàn balẹ̀.

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu," ló wí. "Bọ́sárì máa san ìdajì tó kù."

"Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wọn sí," ni ìyá mi dáhùn.

Tíṣà bá mi fi orúkọ ránṣẹ́ sí ìjọba. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi ti ń fi Bùsárí sínú àdúrà lẹ́yìn ìrun. N kò fura. Mo rò pé bí ahọ́n rẹ̀ ṣe gbé orúkọ owó ìjọba nìyẹn, obìnrin tó ń pe dókítà ní dọ́gítà. Ó tún ya àkùkọ pupa kan sọ́tọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kódà nígbà tí iléyá dé. Mo rò pé sààráà ìrìnàjò mi ló fẹ́ fi ṣe.

Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún agbègbè wa láti wá gba owó náà ní Ìsẹ́yìn. Mo ti wẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ìyá mi gbé àkùkọ sábẹ́ apá. Mo bi í léèrè, ó ní kí n máa bọ̀. Mọ́tò wa rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà. A tì í, a tún tì í, ẹrẹ̀ pupa ta sí gbogbo aṣọ tí mo fara balẹ̀ lọ̀. Nígbà tá a fi máa dé sẹkitéríàtì, olùṣọ́ ti ń ti géètì.

"Ó ti parí o, Màmá. Akọ̀wé ti ń palẹ̀ mọ́."

Mo rọ̀ mọ́ irin géètì. Ìyá mi ní tiẹ̀ ò tilẹ̀ mira. "Ẹ bá wa sọ fún Alhájì Bùsárí pé a ti dé," ló wí. "Ìgànná la ti wá."

Olùṣọ́ dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Èmi ni Bùsárí. Ta ló rán yín sí mi?"

Kí n tó la ẹnu, ìyá mi ti kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. "Ẹ̀yin rèé! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ san ìdajì owó ọmọ mi! Kò sí ìrun tí mo kí tí n ò dárúkọ yín!" Ó na àkùkọ sí i.

"Èmi kẹ̀?" Ọkùnrin náà wo àkùkọ, ó wo ìyá mi, ó wo èmi. "Màmá, owó oṣù mi gan-an ò tó mi jẹun!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yé mi. Ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ ọkùnrin náà ò dúró gbọ́. Àdúrà yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ṣí géètì gbàgà, ó ń sáré níwájú wa tòun ti àkùkọ, ó ń kígbe, "Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró! Ẹbí mi ni wọ́n!"

Akọ̀wé kùn, ṣùgbọ́n ó padà jókòó. Ó wá orúkọ mi, ó rí i, mo fọwọ́ síwèé. Owó bọ́ sí mi lọ́wọ́! Mo fò sókè níwájú rẹ̀ tẹrẹ̀tẹrẹ̀, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́.

Nínú mọ́tò tá a wọ̀ padà sílé, mo ní, "Ìyá, bọ́sárì kì í ṣe èèyàn o. Orúkọ owó ìjọba ni."

Ó yíjú sí mi. "Ta ló ṣí géètì?"

"Bùsárí ni."

"Ta ló dá akọ̀wé dúró?"

"Bùsárí náà ni."

"Ìwọ tó fẹ́ lọ di tíṣà," ló wí, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wálé fún ìsinmi, kóló tuntun ti wà lára ògiri. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ìyá mi so ọmọ àkùkọ kan mọ́lẹ̀. Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án, ti Bùsárí ni.