Ẹja Tó Ń Mí Lójú Omi

Òórùn háípò, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fótò, ni mo fi mọ ilé wa. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ta èèyàn nímú, nítorí pé yàrá òkùnkùn tí bàbá mi ti ń fọ fótò kò ní fèrèsé. Iwájú ilé náà ni sítúdíò wọn wà, ní Dopemu. Àsìkò SAP ni, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, àwọn sójà ló ń ṣèjọba, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó yí wa ká sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ya fótò.

Ohun tó ṣì ń fa oníbàárà wá ni àpótí dígí kan tí ẹja pupa wà nínú rẹ̀, tí ìrù wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ìborùn. Gbogbo ọmọ tó bá rán aṣọ Iléyá ló fẹ́ dúró tì wọ́n kí wọ́n ya òun. Bí ẹja bá kú, ìkòkò ọbẹ̀ tiwa náà yóò gbẹ.

Ìdí nìyí tí bàbá mi fi ń ṣọ́ wọn bí ọmọ tuntun. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pè mí. "Ṣìfáwù, wá wò wọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àìsàn tí a kò bá dárúkọ, ta ni yóò bá wa wò ó?" Ẹja tó bá pa lẹbẹ mọ́ra, tó ń fi ara ha òkúta, tí àmì funfun bíi gàrí sì wà lára rẹ̀, wọ́n á yà á sọ́tọ̀ sínú bàsíà, wọ́n á fi iyọ̀ sí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá wá la ẹnu sílẹ̀, tó ń mí lójú omi, wọ́n ní kì í dúró dọ̀la. Wọ́n á pààrọ̀ omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n á sì fi háípò bíńtín pa kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ. Èyí tó bá kú, èmi ni mò ń sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́dún kan, nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, àmì funfun yẹn bo gbogbo wọn. Bàbá mi kò kúrò nídìí wọn, tiyọ̀ tibàsíà, títí ara ẹja fi dá.

Láàárọ̀ Iléyá, àwọn ọmọdé tò síwájú dígí. Bí wọ́n bá ya ọ̀kan tán, bàbá mi á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ dígí. Wọ́n pa apá méjèèjì mọ́ra, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, wọ́n la ẹnu, èjìká wọn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Wọn kò fọwọ́ kan ẹran wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wúkọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, "Ara le" ni ìdáhùn wọn.

Mo sáré bá màmá mi nídìí ààrò. "Màmá, bàbá ń mí bí ẹja tó fẹ́ kú. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí ọsibítù."

Ìfọ́tí ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. "Ṣé o fẹ́ fẹnu ẹ pa bàbá ẹ ni? Lọ́jọ́ Iléyá! Ó rẹ̀ wọ́n ni. Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ mọ́."

Màmá mi kì í ṣe ìkà. Ní ilé wa, a kì í pe àgbà ní aláìsàn, ó kàn máa ń rẹ̀ wọ́n ni.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni bàbá mi kú, lórí àga yẹn náà. Nígbà tí àwọn ẹbí dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, màmá mi ń sunkún, wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn: "Wọn ò ṣàìsàn rárá o! Wọn ò dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan!" Àwọn àgbà ń mirí, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Inú bí mi débi pé omijé kò jáde lójú mi. Inú ṣì ń bí mi.

Mo ti ju ọjọ́ orí bàbá mi lọ báyìí. Láìpẹ́ yìí, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé mi, mo ní láti dúró kí n tó lè mí. Lánàá, ọmọbìnrin mi bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ń ṣe yín?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti dáhùn: "Kò sí nǹkan kan. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ṣìfáwù kékeré tí wọ́n fọ́ létí nídìí ààrò gbọ́n jù mí lọ. Èjìká mi ni ọmọ mi ń wò, bó ṣe ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.