Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Kan fún Ènìyàn Mọ́kànlá

Ìyá Ta-ló-ṣe-é ni wọ́n ń pè é láwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà mọ̀, kò sì bínú sí i, torí ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ ńláńlá ló máa ń yẹ̀ wò: ta ló lè wọ inú wọn, ta ló lè ní kí iná ràn tàbí kí omi dúró, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, ṣé ẹnikẹ́ni lè mọ ẹni tó ṣe é? Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó ti rí ilé-iṣẹ́ tó dáa, ó sì ti rí èyí tó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ń ṣọ́ ọ.

Èyí tó bí i nínú jù ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà kan tí wọ́n rán an lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n mú un lọ sí yàrá ìdarí, yàrá tóóró kan tó wà lókè àwọn àgbá ńlá tí wọ́n ti ń se omi ṣúgà. Ooru ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, òórùn ṣúgà tó fẹ́ẹ́ jóná sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Ọkùnrin méjì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó bẹ èyí tó sún mọ́ ọn pé kó jáde nínú kọ̀ǹpútà, kó tún padà wọlé kí òun rí i. Ọkùnrin náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbójú sókè wo bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn?"

"Gbogbo wa la ni ín, mà."

"Ẹ̀yin mélòó?"

Ọkùnrin náà kà á lórí ìka. Nígbà tí ìka tán, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́kànlá."

"Bí ẹnì kan nínú yín bá ṣe àṣìṣe ńkọ́? Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó wo ẹnì kejì rẹ̀. "Ẹ bi ọ̀gá, mà," ló wí, ó sì kọjú padà sí kọ̀ǹpútà.

Ibi tí wọ́n bá ti ní kéèyàn lọ bi ọ̀gá ni obìnrin yìí máa ń kọ́kọ́ walẹ̀ sí. Ó ní kí wọ́n kó ìwé gbogbo ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ jáde. Ibẹ̀ ló ti ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Bàbá Jẹ́jẹ́, torí kì í gbóhùn sókè.

Ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n pa àgbá kẹta kí òṣìṣẹ́ kan lè wọ inú rẹ̀ lọ fọ̀ ọ́. Inú àgbá ló wà tí ooru omi híhó fi ya wọlé bá a. Orí ló kó o yọ, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún bó láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ìwé náà ní ẹni tó wà lórí ìjókòó ní yàrá ìdarí ló ṣí ẹnu páìpù ooru láìwo iwájú wẹ̀yìn. Ẹni náà ni Bàbá Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ẹni tó jóná. Wọ́n lé e lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni bébà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde látinú kọ̀ǹpútà, tí òpó ìkọ̀wé mẹ́rin wà lórí rẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tí wọ́n ṣe, àti orúkọ tí wọ́n fi wọlé. Orúkọ tí àwọn mọ́kànlá jọ ń lò náà ni.

Obìnrin náà padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó wá àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà gan-an. Òpó márùn-ún ló rí lójú ẹ̀rọ. Ó gbé bébà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Etí bébà náà tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan ti fi sáásì gé e. Òpó karùn-ún yẹn ló ń sọ kọ̀ǹpútà tí àṣẹ ti wá. Àṣẹ tó ṣí ooru lu ọkùnrin náà kò tiẹ̀ tinú yàrá ìdarí wá. Orí tábìlì ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ ló ti wá, ní àjà kejì, pẹ̀lú orúkọ kan náà tó wà lára ògiri.

Inú bí i gan-an.

Kò pariwo. Ó ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà, ó ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì nílé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pé bí àwọn ṣe rí i nìyẹn, lẹ́yìn náà ló gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, ó gbé omi tútù fún un.

"Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yìí, ṣé ó lè ṣí ooru sínú àgbá?"

"Ó lè ṣe é nígbà kan. Kí iṣẹ́ lè yá ni."

"Ta ló ń lò ó?"

"Èmi ni. Àmọ́ mi ò kì í ti ilẹ̀kùn mi, ẹnikẹ́ni lè wọlé."

"Ta ló gé òpó karùn-ún kúrò lára bébà?"

Ọ̀gá àgbà gbé ife omi tirẹ̀ sílẹ̀. "Ìyáàfin, kọ̀ǹpútà la ní kẹ́ ẹ wá wò. A ò pè yín wá ṣẹjọ́."

"Kọ̀ǹpútà náà ni mo wò, sà. Òun ló ń rojọ́."

Kò tíì dé ẹnu géètì tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọ̀gá tirẹ̀ ni, ẹni tó rán an níṣẹ́. "Kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ ìwọlé wọn ò lágbára tó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó parí."

"Ọ̀gá, ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ká máa pa làpálàpá?"

"Oníbàárà wa ni wọ́n. Mo ti sọ tèmi."

Nígbà tó délé, ó ju báàgì sórí àga débi pé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un láì mí.

"Rọra," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Òkò àbínújù kì í pẹyẹ."

"Mi ò ju òkò. Ìwé ni mo fẹ́ kọ."

"Háà! Ìwé tìẹ burú ju òkò lọ."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá Bàbá Jẹ́jẹ́, torí ìwádìí tí ò bá gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì pé. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń tún ṣe níwájú ilé rẹ̀ báyìí. Ó ń fi àkísà nu ṣéènì bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè.

"Mo ti rò ó títí, ìyá. Mi ò rántí pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Àmọ́ wọ́n ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Mo wá ní bóyá oorun ló gbé mi lọ díẹ̀. Bóyá èmi náà ni."

Obìnrin náà ti múra láti gbọ́ èébú àti èpè. Kò múra sílẹ̀ fún èyí. Wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá yìí, wọ́n gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tún wá gba ìrántí rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́! Omi lé ròrò lójú obìnrin náà.

"Bàbá, kọ̀ǹpútà ò parọ́. Àwọn tó kà á fún yín ló parọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é."

Bàbá Jẹ́jẹ́ gbé sípánà sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bàbá ní kó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kí ìyàwó òun lè gbọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé tó kọ. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, àwọn olùbẹ̀wò dé, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà àjà kejì lọ. Ọ̀gá àgbà yí ọ̀rọ̀ síwá sẹ́yìn títí, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ ló jẹ́wọ́: "Àgbá kejì ni mo rò pé mo ṣí. Iṣẹ́ ń kánjú." Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù.

Ilé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà sí Bàbá Jẹ́jẹ́ pé "ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe díẹ̀ ti wọ inú ìwádìí àkọ́kọ́." Nígbà tí obìnrin náà kà á, ó gbé fóònù. "Àṣìṣe díẹ̀? Sáásì ló ṣàṣìṣe? Ẹ kọ ọ́ pé bàbá náà ò jẹ̀bi, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ á ti rí i, àbí kí n tún kọ ìwé mìíràn?" Wọ́n tún un kọ, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ò rí ilé-iṣẹ́ kankan gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́, ó bá kẹ́rù rẹ̀, ó lọ dá dúró.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n lẹ lẹ́tà náà, ọ̀rẹ́ tó jóná wá sílé Bàbá Jẹ́jẹ́. Bàbá Jẹ́jẹ́, ẹni tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí, wá pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì jáde síta.

"Ọdún méjì! O ò wá bi mí! Àní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Ọkùnrin náà dúró, apá rẹ̀ tó ti kákò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fa àpótí kan, ó jókòó. Bàbá Jẹ́jẹ́ ò lé e. Ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí di ọ̀sán, tí ìyàwó fi gbé oúnjẹ jáde nínú abọ́ méjì, tó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn, tó sì wọlé lọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni.