Èékánná Ọwọ́ Òsì

Ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi wẹ òkú ní ilé ìwòsàn, síbẹ̀ kì í pè wọ́n ní òkú. Àlejò ni wọ́n lẹ́nu rẹ̀. "Àlejò mẹ́ta ló wọlé lónìí," ni yóò wí, tí yóò sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó jókòó ti oúnjẹ. Ọlọ́wọ́-Tútù ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àwọn kan kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn wọn bá kú, òun náà ni wọ́n ń wá.

Èmi àbúrò rẹ̀, atẹ̀wé ni mí. Ìwé ìfẹ́ àti ìwé àdúrà tí à ń tẹ̀ ṣáá ti sú mi. Mo ní ká jọ kọ ìwé kan tí ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn láti ojú ewé kìn-ín-ní, ìtàn dókítà tó ń gé èèyàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òun yóò sọ bí ara ṣe ń rí lẹ́yìn ikú, èmi yóò kọ ọ́.

Ó rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Mo gbà. Ṣùgbọ́n má kọ àlejò mi kankan síbẹ̀. Bí wọ́n bá mọ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n á lé mi. Bí wọn ò tiẹ̀ lé mi, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n?" Mo ní mo ti gbọ́.

Ìwé jáde, àdúgbò gbóná. Olùkọ́ kan ní òun ò lè jẹ ẹran fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ìyá kan dá tirẹ̀ padà nínú ọ̀rá dúdú, ó so ó lẹ́nu pinpin kí ẹ̀jẹ̀ má baà kán sí òun láṣọ. Onígbàjámọ̀ wa ní orí kẹfà pa òun lẹ́rìn-ín. Mi ò jókòó síwájú abẹ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Inú mi ń dùn. Ẹ̀gbọ́n mi ò kà á. Ó ní òun fọkàn tán mi.

Ilé ìkàwé kan pè wá kí àwọn òǹkàwé lè bi wá ní ìbéèrè. Wọ́n béèrè nípa ayùn, wọ́n béèrè nípa ìfun, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni awakọ̀ kan dìde lẹ́yìn, ó sì ka gbólóhùn kan: "Ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ló kun kútẹ́ẹ̀sì pupa sí; ikú ò jẹ́ kó kan ọ̀tún."

Ó ní, "Ìyàwó mi nìyẹn. Èmi ni mo pè é pé kó máa bọ̀. Ó ní ọwọ́ òsì nìkan lòun ti kùn. Mo ní kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú títì ni mọ́tò ti gbá a."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ fún àbúrò, kì í ṣe nítorí ìwé. Olè ni mo jà. Ojú tì mí.

Òun ló dìde. "Èmi ni mo tọ́jú ìyàwó yín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ níbi iṣẹ́ mi, ẹ lọ sọ ọ́."

Awakọ̀ náà pa ìwé dé. "Mi ò lè wò ó nínú pósí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ?"

"Rárá o. Mo ra kútẹ́ẹ̀sì pupa, mo kun ọ̀tún náà. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé kí wọ́n tó gbé wọn."

Ọkùnrin náà jókòó, ó fi ìwé bojú, ó sunkún.

Kò fẹjọ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Àwọn àlejò mi ò lẹ́nu. Ta ni yóò bá wọn sọ ọ́?" Wọ́n lé e. Ó ṣì ń fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ kó tó jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló ń jókòó sí láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Àwọn òǹkàwé ń bi mí ìgbà tí a ó tún un tẹ̀. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ti ọwọ́ ọ̀tún fún mi lọ́jọ́ kan náà tó sọ ti òsì. Mo kọ méjèèjì. Èmi ni mo padà yọ ọ̀tún kúrò, nítorí kò bani lẹ́rù.