Ìwé Inú Kóló Màmá

Màmá tó bí ìyá mi máa ń kan kóló kí wọ́n tó ju owó sínú ẹ̀. Kóló pákó ni, káfíńtà kàn án pa, àfi ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí. Tí wọ́n bá ti Mile 12 dé nírọ̀lẹ́, tàwọn ti òórùn ata rodo lọ́wọ́, wọ́n á ká igba náírà sí mẹ́rin, wọ́n á kan pákó yẹn lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó: "Ta ló wà ńlé?" Wọ́n á jù ú sínú. "Má sunkún o, ìkejì ẹ ń bọ̀ lọ́la."

Owó tí mo máa fi wọ poli ni. Torí náà, olè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ fún yín yìí, ara ẹ̀ ló ń jà lólè. Ẹ ti rí bí orí mi ṣe pé tó.

Mo lẹ ṣìngọ́ọ̀mù mọ́ orí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo ń fi fa owó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Dátà ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀tì jẹ èyí tó kù. Màmá máa ń gbé kóló wò bóyá ó ń wúwo, ni mo bá ń ya ìwé tí mi ò tíì kọ nǹkan sí nínú nóòtì Físíìsì mi, mo ń ká a sí mẹ́rin bíi tiwọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Físíìsì máa wúlò fún mi. Mo ní máa dá a padà. Bẹ́ẹ̀tì náà ní òun á dá a padà.

Kí n tó dá ẹyọ kan padà, Màmá sùn, wọn ò jí mọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fídáù, wọ́n fọ́ kóló yẹn ní pálọ̀. Ìwé ló ń já bọ́. Igba náírà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tí Màmá jù sí i nírọ̀lẹ́ tí wọ́n lò kẹ́yìn. Mi ò tíì ráyè jí i.

Nílé ẹlòmíì, wọ́n á ní ẹnìkan ló jí i. Tiwa kọ́. Àbúrò ìyá mi kígbe, "Wọ́n ti sọ owó Màmá di ìwé!" Gbogbo ojú bá yí sí ayálégbé wa, ìyá kan tó ń ta iyọ̀, ọ̀rẹ́ Màmá. Yàtọ̀ sí àlùfáà tó wá ṣe fídáù, àwọn nìkan ni kì í ṣe ẹbí níbẹ̀.

Ìyá Oníyọ̀ mú ìwé kan, wọ́n tú u. "Ìwé yìí mà ní ìlà. Ìwé ọmọ iléèwé ni."

"Ẹ gbẹ́nu yín sọ́ọ̀hún! Ṣé ìwé ẹgbẹ́ àjẹ́ tiyín kì í ní ìlà ni?" Àbúrò ìyá mi ló dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀.

Ìyá Oníyọ̀ wò mí. Èmi tí tíṣà mi ń pè ní rédíò tí kò níbi tí wọ́n ti ń pa á, mo wolẹ̀, mo dákẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Ìyá Oníyọ̀ ti kó ẹrù wọn lọ Agboyi, sọ́dọ̀ ọmọ wọn.

Láti ìgbà yẹn, ní àsìkò tí Màmá máa ń tọjà dé, mo máa ń gbọ́ ọ lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí kóló yẹn máa ń wà: kó, kó. Mo ní eku ni. Eku wo ló mọ aago?

Mo lọ ra kóló mìíì. Mò ń ṣa tòmátì ní Mile 12 báyìí, tó dáa lọ́tọ̀, tó ti rà lọ́tọ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ní kó máa mú jíjẹrà kúrò! Igba náírà lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbálẹ̀ ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbé ṣìngọ́ọ̀mù ẹnu mi mì. Lọ́jọ́ tí ọjà ò bá tà, mo máa ń fẹsẹ̀ rìn dé Ketu, kí owó ọkọ̀ lè wọnú kóló. Mo máa ń kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò lè béèrè ta ló wà ńlé. Tí wọ́n bá dáhùn ńkọ́?

Nígbà tó kún, mo gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ Agboyi. Ìyá Oníyọ̀ ń sá ẹja. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "O ò lè wojú mi lọ́jọ́ yẹn."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Mà?"

"Kí n ní ọmọ-ọmọ òkú ló ja òkú lólè, lójú àlùfáà?"

Mo ti kóló sí wọn. Wọ́n gbé e wò, gẹ́lẹ́ bí Màmá ṣe máa ń gbé e. Wọ́n dá a padà fún mi.

"Ó wúwo. O gbìyànjú. Àmọ́ owó kọ́ ni mo pàdánù, orúkọ ni. Inú pálọ̀ yẹn ni wọ́n ti bà á jẹ́. Ibẹ̀ ni kó o ti lọ fọ́ kóló yìí, ọmọ mi."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé, àsìkò Màmá gan-an. Ìyá mi àti àbúrò wọn wà ní pálọ̀, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn látìta. Mo gbé kóló mọ́yà, mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín yẹn dá wáí.

"Ta nìyẹn?" Àbúrò ìyá mi ni, àmọ́ ohùn Màmá ni mo gbọ́.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo kó owó Màmá."